Àyà Kò Mì Fùkẹ̀fùkẹ̀ Mọ́, Ṣé Kí Ìyá Mi Dá Oògùn Dúró?

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú jáde lónìí nínú àwọn tó wọlé sí ọ́fíìsì wa ní Ìbàdàn láti ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀rọ̀ ọkàn tí kò lù geere ni gbogbo wọn ń bèèrè, mo sì ti yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò. Ẹ ó rí i pé ìdáhùn sí lẹ́tà àkọ́kọ́ gùn ju ti àwọn yòókù lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ìyá kan fẹ́ dá oògùn dúró lọ́sẹ̀ yìí, n kò sì fẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi jẹ́ ẹni ọdún 61, aṣọ òkè ni wọ́n ń tà ní ọjà Òjé. Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn ni àyà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì fùkẹ̀fùkẹ̀, tí wọn kò sì lè gun òkè Màpó mọ́ láìdúró mí. Àwọn kan ní ẹ̀rù ni, àwọn kan ní àfi kí a lọ gbààwẹ̀ lórí òkè. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ọkàn wọn wò, wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn fáàfù rẹ̀, ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó sì ń tì fún ẹ̀jẹ̀, ti há, yàrá òkè ọkàn sì ń gbọ̀n. Wọ́n fún wọn ní oògùn tó mú kí àyà wọn rọlẹ̀, wọ́n sì fún wọn ní warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ní báyìí, àyà kò mì mọ́. Ìyá wá ní àwọn kò lo warfarin mọ́, nítorí ẹnìkan sọ fún wọn pé oògùn eku ni, ó ti sú wọn láti máa lọ fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì ní ẹ̀fọ́ di èèwọ̀ fún àwọn. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní oògùn tuntun wà tí kò ní wàhálà bẹ́ẹ̀, pé òun yóò fi ránṣẹ́. Kí ni kí a ṣe? — Ìyá Ìbejì, Bódìjà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn, ẹ ó jèrè wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí Ìyá dá warfarin náà dúró. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, kódà bí ẹ kò bá ráyè ka ìyókù.

Èdè wa wà lára ohun tó ń mú kí ọ̀rọ̀ yìí dàrú mọ́ wa lójú. Bí ẹnìkan bá ní àyà òun ń já, ẹni tó gbọ́ yóò bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù. Bí ó bá ní ọkàn òun kò balẹ̀, wọn yóò ní kó gbàdúrà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ibi tí èrò ń gbé àti ẹran ara tó ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri, nítorí náà, àìsàn ẹran ara náà a máa fara pamọ́ sábẹ́ ẹ̀rù àti ìrònú fún ọdún púpọ̀. Ohun tó ń ṣe Ìyá kì í ṣe ẹ̀rù. Yàrá mẹ́rin ni ọkàn ní, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Lára ògiri yàrá òkè apá ọ̀tún ni ibi kékeré kan wà tí iná mànàmáná ti ń jáde, tó ń pàṣẹ fún gbogbo ọkàn pé kó lù; Arthur Keith àti Martin Flack ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ibẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1907. Lára ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, àṣẹ yìí máa ń jáde ní ìgbà 60 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nínú àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní atrial fibrillation, iná náà ń tàn láti ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ìyáàlù dákẹ́ láàárín àwọn onídùndún, tí omele kọ̀ọ̀kan wá ń lu ohun tó wù ú. Yàrá òkè kò lè fún ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde, gbígbọ̀n ló kù tó ń gbọ̀n.

Ohun méjì ló ń tẹ̀yìn èyí yọ. Èkíní ni pé yàrá ìsàlẹ̀ ń sáré láìsí ìlànà. Èyí ni fùkẹ̀fùkẹ̀ tí Ìyá ń gbọ́, tí kò sì jẹ́ kí wọ́n lè gun òkè Màpó. Oògùn kan ti rọ ìyẹn lójú. Èkejì ni pé ẹ̀jẹ̀ ń dúró sójú kan nínú àpò kékeré kan tó wà lára yàrá òkè apá òsì, ẹ̀jẹ̀ tó bá sì dúró sójú kan a máa dì. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá já kúrò níbẹ̀, tó bá iṣan gòkè lọ sí ọpọlọ, tó sì dí ọ̀nà mọ́ ẹ̀jẹ̀, rọpárọsẹ̀ ló dé yẹn. Ìkejì yìí ni warfarin ń dènà, ìkejì yìí kì í sì í pariwo. Àyà tó dákẹ́ kò fi hàn rárá pé ẹ̀jẹ̀ kò dì nínú àpò náà.

Ní ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń ṣọ́ ìlera àwọn ará ìlú láti ọdún 1948, ọdún kan náà tí wọ́n dá Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀. Ní 1978, àwọn olùwádìí ibẹ̀ tẹ ohun tí wọ́n rí jáde: ẹni tí yàrá òkè ọkàn rẹ̀ ń gbọ̀n, tí fáàfù rẹ̀ kò sì bàjẹ́, ní ewu rọpárọsẹ̀ tó ju ìlọ́po 5 ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù geere; ṣùgbọ́n bí rheumatic fever bá ti ba fáàfù náà jẹ́, ewu náà ju ìlọ́po 17 lọ. Ní ìhà ibí yìí, rheumatic fever ìgbà èwe ló sábà máa ń fa fáàfù tó há bíi ti Ìyá. Ọ̀fun dídùn ọmọdé ló máa ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí a kò tọ́jú dáadáa, tí agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà wá ṣìnà, tó kọjú sí ọkàn ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún, ogójì ọdún lè kọjá kí fáàfù tó há. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, bí ọ̀fun bá ń dun ọmọ yín pẹ̀lú ibà, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Penisilíìnì tí kò wọ́nwó lè gba ọkàn rẹ̀ là.

Ní ti oògùn eku, òótọ́ ni ẹni náà sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn màlúù kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ń ṣẹ̀jẹ̀ títí wọ́n fi ń kú lẹ́yìn tí wọ́n jẹ koríko gbígbẹ tó ti bu. Karl Paul Link àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin yọ èròjà tó wà nídìí rẹ̀ jáde, láti inú iṣẹ́ yẹn ni warfarin sì ti wáyé. Wọ́n kọ́kọ́ tà á gẹ́gẹ́ bí oògùn eku ní 1948. Ní 1954 ni wọ́n fọwọ́ sí i fún èèyàn, nígbà tó sì di 1955, tí ìkọlù ọkàn (heart attack) bá Ààrẹ Eisenhower ti Amẹ́ríkà lójijì, ó wà lára oògùn tí wọ́n fún un. Ohun tó ń pa eku ni ìwọ̀n tó pọ̀ jù. Ìwọ̀n gan-an ni Ìyá ń lọ fa ẹ̀jẹ̀ fún: nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní INR, tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì hàn, ni wọ́n ń wò, tí wọ́n sì fẹ́ kó wà láàárín 2 sí 3. Bó bá lọ sílẹ̀ ju 2 lọ, ẹ̀jẹ̀ lè dì. Bó bá ga ju 3 lọ, ẹ̀jẹ̀ lè dà. Mo mọ̀ pé ó nira láti fi ìsọ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ ọjà. Ẹ bá dókítà wọn sọ ọ́ kí wọ́n mú ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà Òjé.

Àbúrò yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe dáadáa, ìfẹ́ ló ní sí Ìyá. Òótọ́ ni pé oògùn tuntun wà, bíi rivaroxaban àti apixaban, tí kò nílò INR, tí ẹ̀fọ́ kò sì í dí lọ́wọ́, fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní àìsàn yìí ní ilẹ̀ òyìnbó, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí tó gbé oògùn wọ̀nyí jáde kì í fi ẹni tí fáàfù rẹ̀ ti há bíi ti Ìyá kún un. Ní 2022 ni èsì ìwádìí INVICTUS jáde, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 24 ní Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà, lórí àwọn èèyàn tó ju 4,500 lọ tí rheumatic fever ti ba ọkàn wọn jẹ́, tí obìnrin sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ rò pé rivaroxaban yóò dára tó warfarin, ó kéré tán. Kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn tó wà lórí warfarin àti irú rẹ̀ ni wọn kò kú tó àwọn tó lo rivaroxaban. Inú mi dùn sí ìwádìí yẹn, kì í ṣe nítorí èsì rẹ̀ nìkan, bí kò ṣe pé irú àwa gan-an ni wọ́n lọ bá, wọn kò fi ti Lọ́ńdọ̀nù wọ̀n wá. Ẹ sọ fún àbúrò yín kó fi owó oògùn náà ránṣẹ́ fún owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Ìyá.

Ẹ̀fọ́ kì í ṣe èèwọ̀. Fítámì K tó wà nínú tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti gbúre ni ó ń dín agbára warfarin kù; nítorí náà, ohun tí a fẹ́ ni pé kí ìwọ̀n tí wọ́n ń jẹ lọ́sẹ̀ kan má yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ kejì, kí dókítà sì díwọ̀n oògùn mọ́ ọn. Ó dùn mí bí a bá gba ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà pátápátá, nítorí pé ìwádìí SIREN tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n ṣe lórí àwọn èèyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní Nàìjíríà àti Gánà, tó sì jáde ní 2018, ka àìjẹ ẹ̀fọ́ déédéé mọ́ ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ohun tó yẹ kí Ìyá sá fún ni oògùn ara ríro tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì láìbéèrè, bíi ibuprofen àti aspirin, àti àgbo tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ìgbẹ́ wọn bá dúdú bí ọ̀dà, bí eyín wọn bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí bí wọ́n bá ṣubú tí wọ́n fi orí gbálẹ̀, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Mo ti tọ́jú ọkùnrin awakọ̀ kan tí ara rẹ̀ yá bíi ti Ìyá, tó sì dá warfarin dúró fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e padà wá, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣeé gbé mọ́, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń tún un sọ fún mi pé, "Àyà rẹ̀ kò mì mọ́ mà, dókítà, àyà rẹ̀ kò mì mọ́." N kò tíì gbàgbé ohùn rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú làákàyè. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún 72 sì ni mí. Ó ti tó ogún ọdún tí ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru. Ní oṣù tó kọjá ni wọ́n rí i pé ọkàn mi kò lù geere, bẹ́ẹ̀ n kò gbọ́ nǹkan kan lára. Fáàfù mi kò ní àléébù. Dókítà kan ní kí a dá ìlù ọkàn mi padà sípò, èkejì ní kí a kàn dín eré rẹ̀ kù. Ọmọkùnrin tó ń ta oògùn ní àdúgbò wa ní aspirin lásán ti tó. Mo sì rántí pé mo kà á nígbà kan pé oògùn tó ń mú kí ọkàn lù geere pa èèyàn ní Amẹ́ríkà. Kí ni ìwádìí sọ gan-an? — Olùkọ́-fẹ̀yìntì, Mọ́kọ́lá

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè bí olùkọ́. Ohun tí ẹ kà kì í ṣe irọ́, mo sì máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ní àwọn ọdún 1980, a mọ̀ pé àwọn tí ìkọlù ọkàn (heart attack) ti bá rí, tí ọkàn wọn sì ń lù lálùfò láti yàrá ìsàlẹ̀, máa ń kú lójijì ju àwọn yòókù lọ. Ó wá jọ ohun tó bọ́gbọ́n mu pé kí a fi oògùn pa ìlù àlùfò náà. Àwọn oògùn bíi encainide àti flecainide ń pa á lóòótọ́. Ẹ̀rọ ECG, tó ń ya ìrìn iná ọkàn sórí ìwé, fi hàn pé ìlù àlùfò náà ti dákẹ́, inú dókítà dùn, inú aláìsàn dùn. Àfi ìgbà tí wọ́n wá ṣe ìwádìí CAST, tí wọ́n fún àwọn kan ní oògùn, tí wọ́n sì fún àwọn kan ní ayédèrú hóró tí kò ní nǹkan kan nínú, láìjẹ́ kí aláìsàn tàbí dókítà mọ èwo ni èwo. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró fún oògùn méjèèjì ní 1989. Nínú ìròyìn tó jáde ní 1991, èèyàn 63 ló kú nínú 755 tó lo oògùn, 26 ló sì kú nínú 743 tí kò lò ó. Oògùn tó pa ariwo ọkàn ni ó ń pa aláìsàn. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ohun tí ẹ̀rọ fi hàn àti ohun tó ń gba ẹ̀mí là lè yàtọ̀ síra.

Ní ti yàrá òkè tó ń gbọ̀n, dókítà yín méjèèjì ló ní ẹsẹ̀ tó ń dúró lé. Ẹni tó ní kí a kàn dín eré rẹ̀ kù ń wo ìwádìí AFFIRM tó jáde ní 2002. Aláìsàn 4,060 ni wọ́n pín sí méjì: wọ́n fi oògùn dá ìlù ọkàn àwọn kan padà sípò, wọ́n sì kàn dín eré ọkàn àwọn tó kù kù. Àwọn tí wọ́n dá ìlù ọkàn wọn padà kò pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ. Ohun kan wà nínú ìwádìí yẹn tí mo fẹ́ kí Ìyá Ìbejì náà kà: púpọ̀ nínú àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù, yálà ní apá kìíní tàbí apá kejì, jẹ́ àwọn tó ti dá warfarin dúró, tàbí àwọn tí INR wọn kò tó 2. Ọ̀pọ̀ ti rò pé bí ọkàn bá ti ń lù geere, ewu ti kọjá nìyẹn.

Ẹni tó ní kí a dá ìlù ọkàn yín padà ń wo ìwádìí EAST-AFNET 4 tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù, tó jáde ní 2020. Aláìsàn 2,789 ló wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tí àìsàn rẹ̀ ti ju ọdún kan lọ tí wọ́n rí i. Àwọn tí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìlù ọkàn wọn padà, yálà pẹ̀lú oògùn tàbí pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ, ní ìkọlù tó dín ní nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a bá ka ikú láti ọwọ́ àìsàn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀, rọpárọsẹ̀, àti ọkàn tó ṣàìsàn débi pé wọ́n gba aláìsàn dúró. Bí mo ṣe rí i, ìwádìí méjèèjì kò ta ko ara wọn. Àkókò ló yà wọ́n, àti pé ìtọ́jú ti dára sí i láàárín ọdún 18 náà. Ti yín ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní oṣù tó kọjá, ẹ ti kọjá ẹni ọdún 65, ẹ̀jẹ̀ yín sì ń ru: irú yín gan-an ló wà nínú ìwádìí kejì. Bó bá jẹ́ èmi ni, n óò gba ti dókítà tó ní kí a dá ìlù ọkàn yín padà, ṣùgbọ́n n kò ní pẹ́ jù kí n tó gbà á, torí pé bí yàrá òkè bá ti gbọ̀n pẹ́, ògiri rẹ̀ a máa le, kì í sì í fẹ́ padà sípò mọ́.

Ohun tí ìwádìí méjèèjì jọ sọ ni pé oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kò ṣeé fi sílẹ̀. Aspirin kì í ṣe irú rẹ̀. Ìwádìí AVERROES fi apixaban wé aspirin lára èèyàn 5,599. Wọ́n tètè dá a dúró, ó sì jáde ní 2011, nítorí pé rọpárọsẹ̀ tí àwọn tó lo apixaban ní kò tó ìdajì ti àwọn tó lo aspirin, bẹ́ẹ̀ aspirin kò fi bẹ́ẹ̀ dín ewu kí ẹ̀jẹ̀ dà kù. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn, ṣùgbọ́n ẹ má gba tirẹ̀. Fún ẹ̀yin tí fáàfù yín mọ́, apixaban tàbí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló yẹ kí dókítà yín bá yín sọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ kíndìnrín yín wò.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì yóò fẹ́ mọ ibi tí iná àlùfò náà ti ń wá. Ní ìlú Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé ni Michel Haïssaguerre àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti wá a rí ní 1998. Wọ́n wo aláìsàn 45, wọ́n sì rí i pé ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ibi tí iná náà ti ń bẹ̀rẹ̀ wà nínú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró wọ yàrá òkè apá òsì.  Láti inú ìyẹn ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní ablation fún àìsàn yìí ti gbilẹ̀: wọ́n á ti okùn tín-ín-rín gba iṣan itan gòkè dé inú ọkàn, wọ́n á sì jó ojú ẹnu àwọn iṣan wọ̀nyẹn yíká kí iná má lè jáde mọ́. Ní 2018, ìwádìí CASTLE-AF fi hàn pé ó ń gba ẹ̀mí là lára àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́. Ní 2019, ìwádìí CABANA tí wọ́n ṣe lórí èèyàn 2,204 kò rí i pé ó dín ikú àti rọpárọsẹ̀ kù ju oògùn lọ ní tòótọ́, àmọ́ ara àwọn tí wọ́n ṣe é fún balẹ̀ jù. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan lára, kì í ṣe ibẹ̀ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru yín ni ẹ ó kọ́kọ́ mú so. Ìwádìí SPRINT ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn tí wọ́n mú nọ́ńbà òkè ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 120 kò ní àìsàn yàrá òkè tó ń gbọ̀n tó àwọn tí wọ́n fi ti wọn sí ìsàlẹ̀ 140. Ìyàtọ̀ náà tó ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí yàrá òkè yín tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ogún ọdún ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti fi ń nà án.

Dókítà, ẹni ọdún 34 ni mí. Bí mo bá lọ òde àríyá ní Sátidé, ọkàn mi kì í lù geere títí di àárọ̀ Ajé. Mo máa ń jẹ obì kí n má sùn lórí iṣẹ́, mo sì ń lo òróró ẹja oníhóró tí wọ́n ní ó dára fún ọkàn. Aago ọwọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún mi ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé obì ni? — Ọmọ Apata

Àbúrò mi, ẹ ti dárúkọ obì, ẹ ti dárúkọ òróró ẹja, ẹ kò dárúkọ ọtí. Bí mo bá ṣì yín lóye, ẹ forí jì mí, ṣùgbọ́n Sátidé sí Ajé tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti kọ nípa rẹ̀ láti 1978, nígbà tí wọ́n ṣàkíyèsí àwọn èèyàn tí ọkàn wọn le koko, tí ó kàn ń lù lálùfò lẹ́yìn ìsinmi tí wọ́n fi mu ọtí púpọ̀. Ní Ọsirélíà, wọ́n mú èèyàn 140 tí ó ní àìsàn yìí, tí wọ́n sì ń mu ọtí déédéé, wọ́n ní kí ìdajì wọn jáwọ́ nínú rẹ̀ fún oṣù 6. Èsì rẹ̀ jáde ní 2020: àìsàn náà padà sára ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jáwọ́, ó sì padà sára ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń mu ún lọ. N kò mọ oògùn púpọ̀ tó lè ṣe ìyẹn láìgba kọ́bọ̀. Bí ẹ bá sanra, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: ní ìlú Adelaide, nínú ìwádìí LEGACY tó jáde ní 2015, àwọn tó sọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn nù, ó kéré tán, ní àǹfààní ìlọ́po 6 láti bọ́ lọ́wọ́ àìsàn náà ju àwọn tí kò sọ tó bẹ́ẹ̀ nù lọ.

Èròjà kaféènì tó wà nínú kọfí náà ló wà nínú obì. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023 ní kí èèyàn 100 máa mu kọfí ní ọjọ́ kan, kí wọ́n má mu ún ní ọjọ́ mìíràn, tí ẹ̀rọ sì ń ka ìlù ọkàn wọn. Kọfí kò fi kún ìlù àlùfò láti yàrá òkè, ṣùgbọ́n ó fi díẹ̀ kún ti yàrá ìsàlẹ̀, ó sì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 36 nínú oorun wọn. Obì kọ́ ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà n kò ní gbé obì yín sọ nù, àmọ́ oorun tí obì ń lé lọ ni ara yín nílò. Òróró ẹja oníhóró ni kí ẹ gbé sọ nù. Nígbà tí wọ́n kó èsì ìwádìí púpọ̀ pọ̀ ní 2021, wọ́n rí i pé ó ń mú kí yàrá òkè gbọ̀n, pàápàá fún ẹni tó ń lo ju gíráàmù kan lọ lóòjọ́. Ẹja tútù láti inú ọbẹ̀ kò ní ẹjọ́.

Aago yín ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2019, nínú èèyàn 419,297 tó kópa nínú ìwádìí kan lórí irú aago bẹ́ẹ̀, ìdá 0.52 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba ìkìlọ̀. Nínú àwọn tí wọ́n sì lẹ ẹ̀rọ mọ́ láyà lẹ́yìn náà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n rí àìsàn náà lára wọn. Ìkìlọ̀ kò tíì di ìdájọ́, ẹ lọ ṣe ECG, kí wọ́n sì yẹ ọrùn yín wò fún gẹ̀gẹ̀, nítorí pé ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) tó ń ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ a máa fa èyí náà lára ọ̀dọ́. Bí ibà bá mú yín, ẹ má lọ da oríṣiríṣi oògùn ibà àti oògùn kòkòrò pọ̀ ní kẹ́míìsì; àwọn kan nínú wọn máa ń da iná ọkàn rú, halofantrine sì wà lára èyí tó burú jù.

Àwa ẹgbẹ́ aláṣọ ní Gbági ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù. Ǹjẹ́ a lè yẹ ara wa wò láìsí ẹ̀rọ? — Akọ̀wé ẹgbẹ́

Ẹ lè ṣe é, ó sì dára púpọ̀ fún àwọn tó ti lé ní ọdún 65. Kí ẹni náà jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, níbi tí iṣan ti ń lù, kí ẹ sì kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá 15 tí a ń sọ di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí pé ìlù tó ṣe ségesège kò ṣeé sọ di ìlọ́po. Iye nìkan kọ́ ni ẹ ń wá. Ẹ máa tẹ́tí sí bóyá àlàfo tó wà láàárín ìlù kan sí èkejì dọ́gba. Bí ó bá ṣe ségesège láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tàbí bí ó bá ju 100 lọ tàbí kò tó 50 nígbà tó jókòó, kí ó lọ ṣe ECG láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí ó bá dákú, tí àyà ń dùn ún, tàbí tí ẹnu rẹ̀ wọ́ lójijì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ kọ iye náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò, bóyá ó dọ́gba tàbí kò dọ́gba, kí olúkúlùkù sì mú ìwé tirẹ̀ dání nígbà tó bá ń lọ rí dókítà.